Ìbéèrè Yín Lórí Táíwò àti Kẹ́hìndé Lijadu

Nínú ìtẹ̀jáde tó kọjá, ẹnì kan bèèrè àwọn obìnrin tó ń kọrin onígìtá ní Èkó láyé ìjọba ológun, mo sì fi ìpínrọ̀ kékeré kan dárúkọ àwọn Lijadu Sisters, àwọn obìnrin méjì olórin tí orúkọ wọn wà lókè yìí. Ìpínrọ̀ yẹn nìkan ni, ni lẹ́tà bá ń ya wọlé láti Ṣómólú, Súrùlérè, Èbúté Mẹ́ta àti Ìsàlẹ̀ Èkó. Inú mi dùn ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ lọ. Ní ṣọ́ọ̀bù àbúrò bàbá mi ní Ìdúmọ̀tà ni mo ti ta àwo orin nígbà tí mo wà lọ́mọge, ọ̀pọ̀ àwo àwọn ìbejì yìí ló sì gba ọwọ́ mi kọjá lọ sílé oníbàárà. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ wọn nìkan la ó sọ lójú ewé yìí lóṣù yìí.

Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìyá mi máa ń kọ “Bobby” tó bá ń dirun fún wa lójúde ilé wa. Ó máa ń kọ apá kan, àǹtí mi á kọ apá kejì, wọ́n á sì máa jiyàn lórí ohùn Táíwò àti ohùn Kẹ́hìndé. Ìyá mi ti lọ, èmi náà sì ti bí ìbejì. Ṣé ìbejì ni wọ́n lóòótọ́, àbí orúkọ orí ìtàgé lásán ni? Ta ló ń kọ ohùn òkè? — Ìyá Ìbejì, Ṣómólú

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọmọ o. Olúwa á bá yín wò wọ́n, á sì tẹ́ ìyá yín sí afẹ́fẹ́ rere. Ìbejì tòótọ́ ni wọ́n. Ọjọ́ 22 oṣù Kẹwàá ọdún 1948 ni wọ́n bí wọn ní ìlú Jos, ọmọ Yorùbá sì ni wọ́n. Wọ́n jọra débi pé lójú páálí àwo, ẹ ò lè nàka sí ọ̀kan kí ẹ búra pé Táíwò rèé.

Ní ti ohùn òkè, iyàn tí ìyá yín àti àǹtí yín ń jà yẹn, àwọn oníbàárà wa náà máa ń jà á, wọ́n tiẹ̀ ń ta tẹ́tẹ́ lé e. Ohun tí mo lè sọ fún yín rèé: ẹ má wá ẹni tó dá orin àti ẹni tó gbè é, bí a ṣe máa ń wá a nínú wákà tàbí jùjú. Àwọn méjèèjì ló dá a. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n jọ ń pè, tó bá wá ku díẹ̀ kí gbólóhùn parí, ohùn kan á yọ́ gòkè, èkejì á dúró síbi tó wà. Ẹ gbé “Bobby” sí i, kí ẹ má kọbi ara sí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ rárá, ibi tí wọ́n ti ń mí ni kí ẹ máa fetí sí. Ẹ ó gbọ́ i pé èémí kan ni wọ́n jọ ń lò. Àwọn ẹlẹ́gbè tó ti jọ ṣiṣẹ́ pẹ́ títí ṣì ń wá irú rẹ̀, wọn ò rí i. Bí ìyá yín bá wá kọ apá kan, tí àǹtí yín kọ ìkejì, bó ṣe yẹ kí wọ́n kọ ọ́ gan-an nìyẹn. Ẹ kọ́ àwọn ìbejì yín náà.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Ṣé kì í ṣe torí pé wọ́n jẹ́ ìbátan Fẹlá ni wọ́n fi gbajúmọ̀? Bàbá mi ní tí kì í bá ṣe ti Fẹlá àti òyìnbó onílù yẹn, kò sẹ́ni tí ì bá gbọ́ orúkọ wọn. — Ọmọ Súrùlérè

Mi ò bínú, ṣùgbọ́n màá ta ko bàbá yín, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ni. Ìbátan Fẹlá ni wọ́n lóòótọ́. Lóòótọ́ náà ni pé Ginger Baker, òyìnbó tó ń lu ìlù nínú ẹgbẹ́ Cream, wá sí Èkó ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, tó kọ́ ilé ìgbohùnsílẹ̀ sí Ìkẹjà, tí àwọn ìbejì yìí sì bá ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń jẹ́ Salt lọ kọrin ní Munich, ní Jámánì, nígbà ìdíje Olympics ọdún 1972. Ṣùgbọ́n kí òyìnbó yẹn tó dé ni wọ́n ti gbé “Iya Mi Jowo” jáde, ní ìparí àwọn ọdún 1960, nígbà tí wọ́n wà ní nǹkan bí ọmọ ogún ọdún.

Orin wọn kì í sì í ṣe orin Fẹlá. Fẹlá a máa fi ojú àwo kan gbáko lu orin kan ṣoṣo, fèrè á ti sọ tirẹ̀ pẹ́ kí ohùn tó wọlé. Àwọn ìbejì yìí kì í dúró pẹ́ lẹ́nu ọ̀nà. Gìtá á dún, dùùrù oníná á dún, wọ́n ti wọlé. Wọ́n pa fọ́ńkì, rẹ́gẹ̀, ìlù ilẹ̀ wa àti orin ìbílẹ̀ pọ̀, ní Yorùbá àti ní Gẹ̀ẹ́sì, àwọn fúnra wọn ló sì ń kọ orin wọn. Ẹni tó bá wọn tò ó, tó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ lu ọ̀pọ̀ ohun èlò inú rẹ̀, ni Biddy Wright. Mo fẹ́ kí orúkọ ọkùnrin yẹn máa jáde lẹ́nu wa bí ti Ginger Baker ṣe ń jáde.

Mo wà nídìí tábìlì nígbà tí *Danger* jáde ní 1976. Owó Udoji tí ìjọba san fún àwọn òṣìṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1975 ti sọ ọ̀pọ̀ ilé di onírédíógírámù, nítorí náà àwo ń tà. Ta ló ń ra *Danger*? Àwọn obìnrin ni. Àwọn nọ́ọ̀sì tó ń ti ọsibítù bọ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun wọn. Àwọn tapíìsì Broad Street tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbowó oṣù, tí wọ́n á ní kí n kọ́kọ́ fi orin kan dán abẹ́rẹ́ wò fún àwọn, tí wọ́n á sì dúró gbọ́ gbogbo ojú kìíní tán. Ìyàwó ilé kan ní kí n fi ìwé ìròyìn wé tòun kí ọkọ òun má tètè rí i. Nínú gbogbo wọn, kò sẹ́ni tó bi mí pé ṣé mọ̀lẹ́bí Fẹlá ni wọ́n. “Àwo àwọn ìbejì yẹn dà?” ni wọ́n ń wí. Ohun tí àwọn ìbejì ń sọ ni wọ́n wá rà. “Life's Gone Down Low” ń sọ bí ayé ṣe le mọ́ mẹ̀kúnnù. “Cashing In” dojú kọ àwọn tó ń rí jẹ nínú ìnira ẹlòmíì. Láyé tí ṣọ́jà ń ṣèjọba, obìnrin méjì dúró, wọ́n fi orin ijó sọ ọ́ jáde, àwọn ènìyàn sì ń jó o nínú pálọ̀. Ní ọdún 1976 yẹn kan náà ni Salawa Abeni ṣe àwo tirẹ̀ àkọ́kọ́, lórí ikú Murtala Muhammed, ó sì kéré lọ́jọ́ orí gan-an nígbà yẹn. Tábìlì wa kún fún iṣẹ́ obìnrin lọ́dún náà, ojú mi sì rí i.

Ẹ bá mi kí bàbá yín dáadáa. Kí wọ́n jọ̀wọ́ má fi àwọn ìbejì ṣe ìrù ẹnikẹ́ni mọ́.

Ẹ káàsán mà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí. Mo gbọ́ “Come On Home” lórí fóònù ọ̀rẹ́ mi, láti ọjọ́ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? — T., Akọka

Káàbọ̀, ọmọ mi. Àwo ńlá mẹ́rin ni kí o wá: *Danger* (1976), *Mother Africa* (1977), *Sunshine* (1978) àti *Horizon Unlimited* (1979). Ọdọọdún ni wọ́n ń gbé ọ̀kan jáde.

Gbogbo ènìyàn á ní kí o bẹ̀rẹ̀ látorí *Danger*. Èmi ní kí o bẹ̀rẹ̀ látorí *Horizon Unlimited*, torí inú rẹ̀ ni orin tó o gbọ́ yẹn wà, àti torí “Orere Elejigbo”. Tẹ́tí sí bí orin tó ní gbòǹgbò nínú Yorùbá ìjìnlẹ̀ ṣe jókòó sórí gìtá oníná láìsí pé ọ̀kan ń ti èkejì. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ wọn ti gbó jù, lójú tèmi. Lẹ́yìn náà kí o padà sí *Danger*, wàá wá rí bí wọ́n ṣe rìn débẹ̀. *Mother Africa* jáde lọ́dún FESTAC, àjọ̀dún ńlá ti iṣẹ́ ọnà àti àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú, nígbà tí gbogbo Èkó ń wọ́ lọ sí Ìgànmú, tí ìran ń wò ìran. Òun ni ìlù àti Yorùbá pọ̀ sí jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, má fi ìkánjú gbọ́ ọ. *Sunshine* dára nírọ̀lẹ́.

Tó o bá tún fẹ́ rí ojú wọn, Jeremy Marre, òyìnbó kan, wá ya fíìmù nípa orin ilẹ̀ wa ní ìparí àwọn ọdún 1970, wọ́n sì wà nínú rẹ̀.

Màmá, nígbà tí a ń kó ẹrù bàbá wa, a rí *Sunshine* àti *Mother Africa* lábẹ́ ibùsùn wọn. Omi ti kan páálí, ojú àwo ti bu, ọ̀kan sì ti tẹ̀. Ẹnì kan fẹ́ rà wọ́n, ó ń bèèrè bóyá ojúlówó ni. Kí ni kí n ṣe? — B., Èbúté Mẹ́ta

Ẹ kú àṣẹ̀yìndè bàbá. Kí ẹ tó tà á, ẹ kọ́kọ́ gbà á là ná.

Ẹ yọ àwo kúrò nínú páálí tó tutù, kí ẹ sì ya àpò inú rẹ̀ sọ nù tó bá ti bu, torí òun ni yóò tún ko ó ràn. Ẹ wá omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ kán ọṣẹ ìfọwo díẹ̀ sí i. Aṣọ rírọ̀ ni kí ẹ fi nù ún, kí ọwọ́ yín máa tẹ̀ lé ìlà àwo yíká, kì í ṣe láti àárín bọ̀ sétí. Bébà tó wà láàárín kò gbọdọ̀ tutù rárá, orúkọ àti nọ́ńbà tí oníbàárà yẹn ń wá wà níbẹ̀. Ẹ fi omi mímọ́ ṣàn án, kí ẹ fi í tì lóòró níbi òjìji. Ẹ má sá a sóòrùn láéláé! Oòrùn Èkó ló tẹ ọ̀kan yẹn, bí kì í bá ṣe ẹrù wúwo tí wọ́n gbé lé e. Ní ti èyí tó tẹ̀, ẹ fi sáàárín gíláàsì títẹ́jú méjì, kí ẹ gbé ìwé ńlá lé e, kí ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà mìíràn ó máa ń nà, nígbà mìíràn kì í nà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà yín nímọ̀ràn iná tàbí áyọ́ọ̀nù.

Àwọn àwo líle àtijọ́ tó máa ń fọ́ bí àwo tánganran, ti ayé àwọn bàbá àgbà, ọ̀tọ̀ ni tiwọn. Ọtí máa ń jẹ wọ́n, nítorí náà ẹ má fi sípírítì kàn wọ́n.

Ní ti ojúlówó: ẹ wo bébà àárín. Afrodisia, orúkọ tí ilé iṣẹ́ àwo orin Decca fi ń gbé àwo jáde, ni wọ́n kọ sí i, nọ́ńbà rẹ̀ sì máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú DWAPS. Tí ẹ bá rí Knitting Factory lára páálí, èyí tí wọ́n tún tẹ̀ ní Amẹ́ríkà láti 2011 síwájú ni. Òun náà kì í ṣe ayédèrú, ó kàn jẹ́ pé owó wọn kò dọ́gba. Ẹ má tà á fún ẹni àkọ́kọ́ tó dé, ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá yín wò ó. Àti pé, ẹ gbọ́ ọ ná. Ohun tí bàbá yín tọ́jú sábẹ́ ibùsùn títí ọlọ́jọ́ fi dé, wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ ni.

Kí ló dé tí a ò gbọ́ wọn mọ́? Ṣé wọ́n ṣì wà? — Ọ̀pọ̀ yín lẹ bèèrè èyí

Ní àwọn ọdún 1980 ni wọ́n kọjá sí Amẹ́ríkà, Brooklyn ní New York ni wọ́n sì fìdí kalẹ̀ sí. Wọ́n ń kọrin lọ níbẹ̀, àfi nígbà tó di 1996 tí Kẹ́hìndé ṣubú lórí àtẹ̀gùn, tí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ fara pa gidigidi. Ìtọ́jú rẹ̀ gba ọdún, kò sì sí bí Táíwò ṣe máa dá nìkan dúró níwájú makirofóònù. Ó tún dun àwọn méjèèjì pé owó tó yẹ kí wọ́n máa gbà lórí iṣẹ́ wọn kì í dé ọwọ́ wọn, wọ́n sì sọ ọ́ fáwọn oníròyìn láìbò ó mọ́lẹ̀. Èyí máa ń bí mi nínú títí dòní, torí èmi ni mo ń ka owó àwo wọn lórí tábìlì.

Àwọn ọmọ òde òní ló wá wọn kàn. Nas, olórin ráàpù Amẹ́ríkà, lo “Life's Gone Down Low”. Àwọn àwo wọn padà sọ́jà. Ní 2014, àwọn méjèèjì tún dúró lórí ìtàgé ní Brooklyn, nígbà tí àwọn olórin kóra jọ láti kọ orin William Onyeabor, ọmọ Enugu. Mo wo wọ́n nínú fídíò: aṣọ kan náà, ìrìn kan náà, ohùn kan náà.

Ọjọ́ 9 oṣù Kọkànlá ọdún 2019 ni Kẹ́hìndé jáde láyé ní New York. Ẹni ọdún 71 ni. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn bí ẹni pé a jọ jẹun rí, àwọn oníbàárà mi àtijọ́ sì ń pè mí lórí fóònù pé ṣé mo ti gbọ́. Lẹ́yìn ìgbà yẹn ni ilé iṣẹ́ Numero Group ní Chicago tún gba àwọn àwo náà mú, wọ́n sì ti ń tún wọn gbé jáde.

Màmá, ṣé ẹ lè ta *Horizon Unlimited* tiyín fún mi? Iye tí ẹ bá pè ni màá san. — K., Ìsàlẹ̀ Èkó

Rárá o, K. Ọmọ-ọmọ mi obìnrin ti ní òun ló ni ín, ó sì ti kọ orúkọ rẹ̀ sẹ́yìn páálí.