Ẹ má pa àlejò tó fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀ lẹ́nu mọ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ṣé kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ gúrúùpù máa sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ tó dé, àbí kó kọ́kọ́ dákẹ́ ná. Mo ti ṣe méjèèjì nínú gúrúùpù WhatsApp àwa tí à ń gbin ẹ̀fọ́ sínú àpò ní àgbàlá, mo sì kábàámọ̀ méjèèjì.

Níbẹ̀rẹ̀, línkì wa wà káàkiri. Lóru ọjọ́ kan, ẹnì kan wọlé, kò kí ẹnikẹ́ni, ó gbé ọ̀rọ̀ ẹ-fi-₦10,000-gba-₦20,000 jù síbẹ̀. Kí n tó jí, màmá kan láàárín wa ti sanwó. Ó dùn mí wọra, torí gúrúùpù wa ni màmá fọkàn tán, kì í ṣe ọkùnrin yẹn.

Inú fùfù ni mo fi ti gúrúùpù náà pa: admin nìkan ló lè sọ̀rọ̀, àlejò tó bá ní ìbéèrè á fi ránṣẹ́ sí èmi. Ìyẹn ló tún burú jù. Obìnrin kan ya tẹ̀tẹ̀ rẹ̀ ní fọ́tò ránṣẹ́ sí mi, ewé ti lu bí ajere, kòkòrò ti fi nǹkan bí òwú di ewé mìíràn pọ̀, ó sá sínú rẹ̀. Ọjọ́ kẹrin ni mo tó rí i. Ó ti fà gbogbo rẹ̀ tu. Bẹ́ẹ̀, àwọn tó wà níbẹ̀ ì bá ti sọ fún un kí ilẹ̀ tó ṣú pé kó já ewé tó dì pọ̀ yẹn sọnù, kó gún ewé dóńgóyárò sómi, kó sẹ́ ẹ, kó wọ́n ọn sí ìyókù.

Ní báyìí, mo ti ṣí ètò WhatsApp tí admin fi ń gba èèyàn wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìbéèrè kan péré ni mò ń bi wọ́n: kí lẹ gbìn? Oníjìbìtì kì í sábà dáhùn. Ẹni tó bá wọlé, kó béèrè títí, kó fi fọ́tò hàn wá. Línkì àti ọjà títà nìkan ni mo kà léèwọ̀ fún un fún ọ̀sẹ̀ méjì. Tó bá rú u, admin lè pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́ lójú gbogbo èèyàn. Tó bá jẹ́ Telegram lẹ̀ ń lò, ẹ lè dí ẹnì kan ṣoṣo lọ́wọ́ láti sọ̀rọ̀, kẹ́ ẹ sì dá ọjọ́ tí yóò tú sílẹ̀ fún un.

Ẹ yan admin tó tó mẹ́ta, kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ẹni tó ń tètè jí. Línkì àtijọ́ yẹn ńkọ́? Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kẹ́ ẹ tó sùn lálẹ́ òní.