Ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ tí omi kún orí wọn: kí o tó fi ránṣẹ́ sókè òkun

Àbúrò mi dókítà, mo ka ìbéèrè rẹ. O ti yege Part One, ìdánwò àkọ́kọ́ láti di oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ, o fẹ́ fi jíìnì àwọn ọmọ tí a bí pẹ̀lú omi lórí àti àwọn tí egungun ẹ̀yìn wọn kò padé ṣe dissertation, ìwé ìwádìí tí wọ́n ń béèrè fún Part Two, o wá ń bèèrè láàbù tí o lè fi ẹ̀jẹ̀ wọn ránṣẹ́ sí lókè òkun, àti bóyá èsì á dé kí ìdánwò tó kàn ọ́. Mo ti gba ojú ọ̀nà yẹn kọjá, ẹsẹ̀ ṣì ń ro mí.

Ti rotation, ti logbook, ti wíwá supervisor, mi ò ní fi gbà ọ́ lákòókò, o mọ̀ ọ́n. Kàn má mú ọ̀gá tó ti ń ta mọ́tò rẹ̀ láti jápa.

Ẹ̀jẹ̀ gbígbà kọ́ ni iṣẹ́ ibẹ̀. Ìwé ni. Ilé ìwòsàn rẹ á fún ọ ní àṣẹ láti gba ẹ̀jẹ̀, inú rẹ á dùn, o á rò pé ó parí. Kò tíì bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ̀jẹ̀ tó kúrò ní Nàìjíríà fún ìwádìí, ìlànà ethics (ohun tó tọ́ nínú ìwádìí) ilẹ̀ wa ti 2007 sọ pé dandan ni kí MTA wà: ìwé àdéhùn tó sọ ohun tí wọ́n máa fi ẹ̀jẹ̀ náà ṣe, ẹni tó ni ín, àti bí wọ́n á ṣe ṣe ìyókù. Ìlànà náà dára o. Àwọn tó jókòó lé e lórí ni wọn ò jẹ́ kó lọ.

Ní tèmi, ìgbìmọ̀ ethics sún ìpàdé nítorí alága lọ sí kọ́ńfáránsì. Wọ́n tún sún un nítorí wọn ò pé iye tó yẹ. Ọjọ́ tí wọ́n jàjà jókòó, wọ́n dá ìwé mi padà nítorí kò sí nọ́ńbà lójú ewé fọ́ọ̀mù tí a kọ ní Yorùbá. Nọ́ńbà ojú ewé! Ẹnikẹ́ni nínú wọn ò bèèrè bóyá ohun tó wà nínú fọ́ọ̀mù náà yé ìyá ọlọ́mọ. Mo ṣe àtúnṣe, akọ̀wé ní àwọn ò rí ẹ̀dà kan, mo tún tẹ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá mi kan máa ń sọ fún wa pé nígbà tí Latunde Odeku, oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, padà dé Ìbàdàn ní 1962 tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ, kò sí CT scan tó ń ya àwòrán inú orí níbì kankan láyé, síbẹ̀ ó ṣiṣẹ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n Odeku ò wá MTA kiri.

Gbogbo àkókò yẹn, ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ wà nínú firíìsà ẹ̀ka mìíràn, nítorí tiwa ò tutù tó. Iná lọ ní òpin ọ̀sẹ̀ kan. Jẹnẹrétọ̀ ò ní dísù. Ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ ti lọ síbi ìgbéyàwó. Nígbà tí wọ́n ṣí i láàárọ̀ Mọ́ńdè, omi ń sun jáde lẹ́nu ilẹ̀kùn, àwọn tube dùbúlẹ̀ nínú omi pupa, àwọn lébẹ́ẹ̀lì tí òṣìṣẹ́ ibẹ̀ fi báírò tún kọ lórí tèmi ti ṣí, wọ́n lẹ̀ mọ́ ara firíìsà, nọ́ńbà ọmọ kan sì wà lára tube ọmọ mìíràn. Àbúrò, ẹ̀jẹ̀ tó yọ́ lẹ́ẹ̀kan kò tíì bàjẹ́ pátápátá, DNA, ibi tí jíìnì wà, lágídí. Nọ́ńbà ni kò gbọdọ̀ sọnù. Ẹ̀jẹ̀ tí o ò mọ ẹni tó ni ín, pípọ́n ló kàn pọ́n. Ọ̀gá láàbù ní, “Dókítà, ẹ má bínú, ẹ tún gba òmíràn.” Àwọn kan nínú àwọn ọmọ yẹn ti kú. Ọwọ́ ta ni kí n ti gba tiwọn?

Nítorí náà, tube EDTA olómorí elésè àlùkò ni kí o lò, má lo ti heparin, ó ń dí PCR, ọ̀nà tí a fi ń sọ DNA di púpọ̀, lọ́wọ́. Yọ DNA láàárín ọ̀sẹ̀ tí o gba ẹ̀jẹ̀, pín in sí méjì, fi sí firíìsà méjì ní ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. DNA tí a ti yọ, firíìsà −20 lásán tó o.

Èyí tó le jù ìwé lọ ni ìyá ọlọ́mọ. Obìnrin kan jókòó níwájú mi ní kìlíníìkì, ó gbé ọmọ lé ẹsẹ̀, ó ń fi ìka tọ ojú ibi tí shunt, ọ̀pá tó ń fa omi orí, gbà kọjá lẹ́yìn etí ọmọ náà, kò wojú mi. Ó ní, “Dókítà, ṣé ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá èmi ni mo fà á ni?” Ìyá ọkọ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó dákẹ́, ó tẹ́tí. Ohunkóhun tí o bá sọ lásìkò yẹn, ìyá ọkọ ló máa gbé e délé, ó sì lè tú ilé náà ká. Pe ìyá ọmọ sẹ́yìn kí o tó la ẹnu. Àwọn onímọ̀ jíìnì tí wọ́n ń kọ fọ́ọ̀mù láti ọ́fíìsì ò mọ èyí, wọn ò pàdé ìyá ọkọ rí.

Bí o bá gba ẹ̀jẹ̀ bàbá àti ìyá pẹ̀lú ti ọmọ, o lè rí i pé àyípadà jíìnì tó fa àrùn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ lára ọmọ ni, kò sí lára ẹnì kankan nínú wọn. Ìyẹn á tu ìyá náà nínú. Ṣùgbọ́n o tún lè rí i pé bàbá kì í ṣe bàbá. Kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù láti ìbẹ̀rẹ̀ pé irú èsì bẹ́ẹ̀ kò ní ti ẹnu rẹ jáde.

Bí ọmọkùnrin bá wọlé pẹ̀lú omi lórí, wo ọwọ́ rẹ̀. Bí àtàǹpàkò bá ká wọ inú àtẹ́lẹwọ́, fura sí jíìnì L1CAM, kí o rọra bi ìyá léèrè nípa àwọn arákùnrin rẹ̀ tó kú ní kékeré. Lórí kúrómósómù X ni jíìnì yẹn wà. Ìyá lè gbé e kí ara rẹ̀ le koko, kí ó ṣeé ṣe ní ìdá 50 nínú 100 pé ọmọkùnrin kọ̀ọ̀kan tó bá bí á gbà á. O rí ìdí tí mo fi ní kí o pè é sẹ́yìn?

Má da gbogbo omi orí pọ̀ sójú kan o. Benjamin Warf, oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ ará Amẹ́ríkà, fi hàn ní Mbale, ní Ùgáńdà, pé àkóràn ló fa èyí tó pọ̀ jù lára àwọn ọmọ tó tọ́jú. Bí o bá kó irú wọn mọ́ ti jíìnì, èsì rẹ á dàrú.

Ọjọ́ tí o bá gba ẹ̀jẹ̀ ìyá tí ẹ̀yìn ọmọ rẹ̀ kò padé, kọ oògùn folic acid fún un kó tó lóyún òmíràn. Ìwádìí MRC, ìgbìmọ̀ ìwádìí ìṣègùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti 1991 lo 4 mg fún irú ìyá bẹ́ẹ̀, ó sì dín ewu pé kó tún ṣẹlẹ̀ kù ní ìdá 72 nínú 100. 5 mg ni wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì wa, òun là ń lò. Ọjọ́ 28 kì í pé lẹ́yìn tí oyún dúró tí ibẹ̀ fi máa ń padé, ọ̀pọ̀ obìnrin ò tíì mọ̀ pé àwọn lóyún nígbà náà. A ń gba ẹ̀jẹ̀ wọn fún èsì tó lè má dé ọ̀dọ̀ wọn, ẹ jẹ́ kí wọ́n rí nǹkan mú lọ.

Kí o tó kígbe pé o rí variant (àyípadà jíìnì) tó ṣọ̀wọ́n, wò ó nínú YRI. Àwa ni: ẹ̀jẹ̀ Yorùbá tí wọ́n gbà n'Íbàdàn, ìdílé 30, bàbá, ìyá àti ọmọ, láti ìgbà iṣẹ́ ìwádìí jíìnì tí wọ́n pè ní HapMap, ó sì wà lọ́fẹ̀ẹ́ nínú àkójọ jíìnì tí wọ́n ń pè ní 1000 Genomes. Ohun tó ṣọ̀wọ́n lára òyìnbó lè wọ́pọ̀ lára wa. Ní 2016, wọ́n fi hàn ní Amẹ́ríkà pé wọ́n ti sọ fún àwọn aláwọ̀ dúdú kan pé wọ́n ní jíìnì àrùn ọkàn, bẹ́ẹ̀ variant náà kò ṣe nǹkan kan.

Láàbù tí o bèèrè wá ńkọ́? Má so dissertation mọ́ òkè òkun rárá, èsì ò ní bá ìdánwò. Kọ ọ́ lórí irú omi orí, ìtàn ìdílé àti jíìnì kan ṣoṣo tí a lè fi PCR àti Sanger, ọ̀nà kíka jíìnì kọ̀ọ̀kan, yẹ̀ wò. Tọ́jú ìyókù DNA de ìgbà tí o máa lè ka exome, apá DNA tó ń pèsè èròjà ara. ACEGID ní Ede, ilé ìwádìí jíìnì tó ti ń jẹ́ IGH báyìí, ní ẹ̀rọ sequencing tó ń ka DNA. Kòkòrò àrùn ni wọ́n fi gbajúmọ̀, wọ́n wà lára àwọn tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé Ebola ló wọ Nàìjíríà ní 2014, nítorí náà kọ̀wé bi wọ́n bóyá wọ́n á gba tìrẹ. Àwọn ará SIREN n'Íbàdàn, tí wọ́n ń wá jíìnì rọpárọsẹ̀, ti la ọ̀nà ethics àti MTA kọjá, lọ jókòó tì wọ́n.

Bí òyìnbó kan bá sì ní òun á ṣe sequencing fún ọ lọ́fẹ̀ẹ́, kí ó kọ ipò tí orúkọ rẹ máa wà lára àwọn òǹkọ̀wé ìwádìí náà sínú ìwé àdéhùn kí tube àkọ́kọ́ tó wọ inú kúlà. Orúkọ tèmi wà ní ìsàlẹ̀ ibi ọpẹ́, lẹ́yìn ẹni tó ra yìnyín.