Àbúrò, má tíì sanwó yẹn o

Àbúrò mi ará Ọ̀fà, o ní ajẹ́ǹtì kan ní Tanke fẹ́ gba mílíọ̀nù mẹ́rin kó tó bá ẹ wá iṣẹ́ carer (olùtọ́jú àgbàlagbà àti aláìlera) lọ UK, o wá ń bèèrè bóyá kó o san án. Jọ̀ọ́, má san kọ́bọ̀. Láti July 22, 2025 ni ìjọba UK ti ti ilẹ̀kùn yẹn, carer tó bá wà nílé níbí ò lè gba físà yẹn ní tuntun mọ́, èwo wá ni ajẹ́ǹtì fẹ́ bá ẹ gbà?

Àmọ́ o ní nọ́ọ̀sì ni ẹ́, ọ̀rọ̀ tìẹ yàtọ̀ nìyẹn. Ọ̀nà nọ́ọ̀sì ṣì wà. NMC, àjọ tó ń forúkọ nọ́ọ̀sì sílẹ̀ ní UK, ni wàá kọ́kọ́ kọ̀wé sí, wàá ṣe OET tàbí IELTS (ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì), tó bá jẹ́ IELTS, 7 ni wọ́n ń fẹ́ nínú kíkà, gbígbọ́ àti sísọ, 6.5 nínú kíkọ (kíkọ yẹn ló ń dá ọ̀pọ̀ dúró), wàá ṣe CBT (ìdánwò orí kọ̀ǹpútà), OSCE (ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́) di UK lọ́hùn-ún. Họsipítù tó bá gbà ẹ́ ló ń san owó CoS (ìwé onígbọ̀wọ́ tí wàá fi gba físà), wọn ò gbọ́dọ̀ dì í lé ẹ lórí. Àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ ṣáà wà níbẹ̀.

Èmi náà ti jìn sí kòtò ajẹ́ǹtì rí. 2023, ẹnì kan fi CoS ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, lẹ́tà ọ̀hún ń dán, ìgbà tí mo sanwó tán ni mo tó lọ wo orúkọ àwọn sponsor (iléeṣẹ́ tí ìjọba fún láṣẹ láti gba òṣìṣẹ́ láti òkèèrè) lórí gov.uk, ìkànnì ìjọba UK, iléeṣẹ́ yẹn ò sí níbẹ̀, "Limted" ni wọ́n tiẹ̀ kọ sínú lẹ́tà yẹn dípò "Limited". Owó gàrí màmá mi ló bá a lọ.

Tí èsì IELTS ẹ bá jáde, kọ ọ́ síbí.