Kí ni wọ́n fi ń ṣe abẹ̀bẹ̀ kíká ayé àtijọ́ ní ilẹ̀ Faransé?

Igi, egungun ẹran, eyín erin tàbí ìkarahun dídán ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pá rẹ̀. Bébà, ṣẹ́dà tàbí awọ ẹran fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe ojú rẹ̀ tí wọ́n ń ya àwòrán sí.

Japan ni irú abẹ̀bẹ̀ tó ń ṣí tó sì ń ká yìí ti wá. Ó gbajúmọ̀ ní Yúróòpù láti nǹkan bí ọdún 1500 sí 1600 lọ. Ní Faransé, iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọwọ́ ni. Àwọn ará abúlé ní agbègbè Oise, ní àríwá Paris, ló ń gbẹ́ ọ̀pá, tí wọ́n ń dá ihò ọnà sí i lára. Ní Paris ni wọ́n ti ń ya ojú rẹ̀, tí wọ́n sì ń to gbogbo rẹ̀ pọ̀. Kíká ojú abẹ̀bẹ̀ gba sùúrù gan-an: gbogbo ìṣẹ́po gbọ́dọ̀ dọ́gba, nítorí pé àárín ìpele méjì bébà tàbí awọ náà ni orí ọ̀pá kọ̀ọ̀kan ń wọ̀ sí. Ìṣó kékeré kan ló so ìdí gbogbo ọ̀pá pọ̀.

Kì í ṣe gbogbo abẹ̀bẹ̀ àtijọ́ ni wọ́n fọwọ́ yà. Àwọn kan wà tí wọ́n tẹ àwòrán wọn. Bákan náà, ọ̀pọ̀ ọ̀pá funfun tí wọ́n ń pè ní eyín erin, egungun lásán ni. Egungun sábà máa ń ní àmì dúdú tíntìntín lára. Eyín erin kì í ní in.