Ẹ Bi Màmá Nọ́ọ̀sì: “Màmá rẹ ti kú”

Màmá Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́ o. Tíṣà ni mí ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìsẹ́yìn. Ọmọbìnrin ọmọ ọdún 7 kan wà ní kíláàsì mi. Ìyá rẹ̀ kú lẹ́yìn ìbímọ ní táàmù tó kọjá. Mùsùlùmí ni wọ́n, ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n sin ín, ọmọ wà nílé-ìwé. Wọ́n sọ fún un pé Màmá ṣì wà ní ọsibítù. Lójoojúmọ́ ló ń fi ìdajì búrẹ́dì rẹ̀ pamọ́ sínú báàgì dè é. Ọ̀gá wa ti wá ní kí n múra ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ kan sílẹ̀ fún àwa tíṣà 14 àti nọ́ọ̀sì kan, lórí bí a ṣe lè dúró ti ọmọ tí èèyàn rẹ̀ kú. Ìwé Gẹ̀ẹ́sì kan ni mo rí, ojú ewé 60. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?
Tíṣà B., Ìsẹ́yìn

Tíṣà mi, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ ọlọ́mọ. Búrẹ́dì inú báàgì yẹn kò kúrò lọ́kàn mi láti ìgbà tí mo ti ka lẹ́tà yín.

Ẹ gbé ìwé Gẹ̀ẹ́sì yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Kì í ṣe pé kò dáa. Ṣùgbọ́n Yorùbá ni ọmọ yẹn fi ń retí ìyá rẹ̀, Yorùbá lẹ ó sì fi dá a lóhùn, ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà. Ẹ kọ “kú” sójú pátákó, kí ẹ ní kí àwọn tíṣà máa dárúkọ gbogbo ohun tí a máa ń sọ dípò rẹ̀: ó papòdà, ó jáde láyé, ó ti sùn, ó ti lọ sinmi, ó re ibi àgbà á rè, a pàdánù rẹ̀. Pátákó á kún. Ọ̀wọ̀ ló bí gbogbo rẹ̀, èmi náà ń lò ó tí mo bá lọ kí ọlọ́fọ̀. Kí ẹ wá bi wọ́n pé, èwo nínú ìwọ̀nyí ni ọmọ ọdún 7 máa gbọ́ tí yóò mọ̀ pé Màmá kò ní wálé mọ́? Ẹni tó sùn ń jí. Ẹni tó lọ ń bọ̀. Ohun tó sọnù, wọ́n máa ń wá a rí.

Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Ọdún 1967 ni ọkọ̀ pa bàbá mi, ọmọ ọdún 6 ni mí nígbà náà, ní Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n ní ó lọ sí Gánà. Irọ́ tó rọrùn láti gbà ni, nítorí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí agbo ilé kan ládùúgbò wa tí kò ní èèyàn ní Gánà. Nígbà tó di ìparí ọdún 1969, ìjọba Busia ní Gánà pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn èèyàn wa sì ń rọ́ wálé tẹrù-tẹrù lórí lọ́rì. Mo ń sá lọ sí gáréèjì lójoojúmọ́, mò ń wo ojú ọkùnrin kọ̀ọ̀kan bó ti ń sọ̀ kalẹ̀. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Obìnrin kan tó ń ta ẹ̀kọ níbẹ̀ ló bi mí pé ta ni mò ń dúró dè. Nígbà tí mo dárúkọ bàbá mi, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Òun ló fà mí lọ́wọ́ délé, òun náà ló sì sọ fún mi. N kò bínú sí àwọn ẹbí mi mọ́, àánú mi ló ṣe wọ́n. Ṣùgbọ́n títí di òní, bí mo bá gbọ́ ariwo lọ́rì tó fẹ́ dúró, ojú mi á ti lọ síbẹ̀ kí n tó mọ̀.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí àwọn tíṣà fi ẹnu ara wọn sọ ọ́. Ẹ pín wọn sí méjì-méjì. Kí ọ̀kan ṣe bí ọmọ, kó bèèrè pé, “Ṣé Màmá ń bọ̀?” Kí èkejì dáhùn: “Rárá. Màmá ti kú. Ara ẹni tó bá kú kì í ṣiṣẹ́ mọ́. Kì í mí, ebi kì í pa á, nǹkan kan kì í dùn ún, kò sì lè padà wálé.” Kó wá dákẹ́. Dídákẹ́ yẹn ló máa ń nira jù, torí tíṣà á fẹ́ yára fi àdúrà dí àyè náà. Ọ̀rọ̀ ọ̀run àti àlùjánà dáa, ẹbí ló sì ni ín, ṣùgbọ́n lẹ́yìn “kú” ni kó dé, kó má gba ipò rẹ̀.

Ẹ fún èyí nìkan ní wákàtí kan, ó kéré tán. Níbi tí mo ti ṣe é kẹ́yìn, tíṣà ọkùnrin kan tó ti lé ní àádọ́ta ọdún kò lè sọ ọ́. Ọmọ ọdún 9 ni nígbà tí ìyá tirẹ̀ kú, ẹnikẹ́ni kò sì bá a sọ ọ́ rí. A jókòó tì í. Irú rẹ̀ máa ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ fi àyè sílẹ̀ fún un.

Ìgbà yìí lẹ lè wá mú ìmọ̀ ìwé wọlé. Obìnrin ará Hungary kan, Maria Nagy, bá ọmọ 378 sọ̀rọ̀ nípa ikú ní Budapest, láti ọmọ ọdún 3 dé ọmọ ọdún 10, ó sì tẹ ohun tó rí jáde ní 1948. Àwọn tí kò tíì pé ọdún 5 gbà pé òkú kàn lọ síbì kan ni, tàbí pé ó ń sùn. Nǹkan bí ọdún 9 ni púpọ̀ wọn tó mọ̀ pé ikú kò lábọ̀, pé kò sì sẹ́ni tí kò ní kú. Àwọn tó ṣèwádìí lẹ́yìn rẹ̀ rí i pé ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń mọ̀ ọ́n láti bí ọdún 5 sí 7. Ọmọ yín lè gbọ́ ọ lónìí, kó tún bèèrè lọ́la bí ẹni tí kò gbọ́ rí. Ẹ tún un sọ, ọ̀rọ̀ kan náà. Ó sì lè sunkún ní aago mẹ́wàá, kó wà nídìí tẹn-tẹn ní aago mẹ́wàá ààbọ̀. Kò tíì gbàgbé. Ọmọdé kì í lè ru ìbànújẹ́ pẹ́, a máa sọ ọ́ kalẹ̀, a tún gbé e.

Ìbéèrè kan wà tí wọn kì í fẹnu sọ: ṣé èmi ni mo fà á? Ẹ wo bí àwa ìyá ṣe ń sọ̀rọ̀. “Ẹ ó pa mí o!” “Ṣé o fẹ́ gbẹ̀mí mi ni?” Ọmọ tó gbọ́ èyí láàárọ̀, tí ìyá kú lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ti dá ara rẹ̀ lẹ́bi nínú ikùn. Kí tíṣà má dúró de ìbéèrè, kó kàn sọ pé: “Kò sí ohun tí o sọ tàbí tí o ṣe tó pa Màmá.” Kí ẹ bi bàbá rẹ̀ ní ohun tó pa á, kí ẹ lè sọ ọ́ ní ṣókí. Ẹ ṣọ́ra kí ẹjọ́ náà má lọ já lé ìkókó lórí.

Ṣùgbọ́n ẹ má gba iwájú ẹbí sọ ọ́ o. Kí ẹ̀yin àti ọ̀gá yín lọ bá bàbá rẹ̀ àti ìyá àgbà kí ọjọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó pé. Ẹ sọ ọ̀rọ̀ búrẹ́dì fún wọn. Èmi kò tíì rí ẹbí tó gbọ́ irú rẹ̀ tí kò yí ọkàn padà. Bí ọmọ bá bi yín kí wọ́n tó sọ ọ́, ẹ má purọ́: “Ìbéèrè pàtàkì ni. Màá bá Bàbá rẹ sọ ọ́ lónìí.”

Ẹ kọ ọjọ́ tí ìyá kú sínú rẹ́jísítà, kí ẹ fi lé tíṣà ọdún tó ń bọ̀ lọ́wọ́. Àwọn olùwádìí méjì ní Amẹ́ríkà, Worden àti Silverman, tẹ̀lé ọmọ 125 tí òbí wọn kú ní agbègbè Boston fún ọdún méjì. Ọdún kejì gan-an ni ìṣòro wọn túbọ̀ hàn ju ti àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ, ìgbà tí gbogbo àgbà rò pé ó ti tán. Bí ẹ bá ń ṣe káàdì Ọjọ́ Àwọn Ìyá, ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè níkọ̀kọ̀ ẹni tó fẹ́ ṣe tirẹ̀ fún. Ó lè jẹ́ ìyá rẹ̀ náà ni.

Ọmọ tó bá ní òun fẹ́ lọ bá Màmá, tàbí tí kò jẹun fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, ó ti kọjá ti tíṣà. Ìbàdàn kò jìnnà sí yín: ọsibítù ńlá UCH ní àwọn dókítà ọpọlọ ọmọdé, Yunifásítì Ìbàdàn sì ní ibùdó tó ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ní iṣẹ́ yìí gan-an.

Màmá, olùrànlọ́wọ́ tíṣà ni mí ní Peckham. Bàbá ọmọ Yorùbá kan kú. Wọ́n dá wa lẹ́kọ̀ọ́ pé kí ọmọ fúnra rẹ̀ yàn bóyá òun máa lọ síbi ìsìnkú. Ìyá àgbà ọmọ náà ní èèwọ̀ ni. Ṣé òótọ́ ni?
A. O., Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ yín dáa. Èèwọ̀ tí èmi mọ̀ ni pé òbí kì í tẹ̀lé òkú ọmọ rẹ̀ dé ibojì. Ní ti òbí, àdúrà wa ni pé kí ọmọ sin wá, àwọn ọmọ olóògbé ló sì máa ń kọ́kọ́ da yẹ̀pẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdílé kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀ lórí ọmọ kékeré. Ẹ rọra bi Màmá àgbà ní ohun tó ń bà á lẹ́rù gan-an. Bí ọmọ bá máa lọ, ẹ sọ ohun tó máa rí fún un ṣáájú: pósí, ihò ilẹ̀, àgbàlagbà tó ń ké. Kí ẹnì kan tí ọ̀fọ̀ náà kò kàn tààrà di ọwọ́ rẹ̀ mú, kó lè mú un jáde nígbà tó bá ní ó tó òun.