Ibo ni kí n mú àwọn ọmọ gáà lọ kọ́ ìtọ́jú koríko?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Tíṣà ni mí lẹ́yìn Òṣogbo, mo ń kọ́ àwọn ọmọ gáà kan níwèé lálẹ́. Wọ́n ní ewé Akíntọ́lá ti gba ibi tí màálù àwọn ti ń jẹko, tó bá sì di ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n á da ẹran jìnnà débi tí wàhálà àwọn àti àgbẹ̀ á fi bẹ̀rẹ̀. Mo fẹ́ mú wọn lọ sọ́dọ̀ àwọn darandaran ibòmíì, kí wọ́n lọ wo bí wọ́n ṣe ń dá koríko sí. Owó wa ò tó nǹkan. Ibo ni ká lọ, kí la máa béèrè?

Ìdáhùn: Tíṣà, ẹ kú làálàá. Ẹ má lọ nígbà òjò. Lóṣù Keje, gáà ọ̀lẹ gan-an tutù yọ̀yọ̀. Oṣù Kejì ni kẹ́ ẹ lọ, ìgbà yẹn lẹ máa rí ẹni tó dá koríko sí àti ẹni tí kò dá a sí.

Ẹ má sì lọ béèrè orúkọ koríko. Ọmọ Fúlàní ọdún mẹ́wàá mọ̀ ọ́n ju èmi tí wọ́n ń sanwó oṣù fún nítorí ẹ̀ lọ. Kí wọ́n béèrè pé ta ló ń ti pápá, ta ló ń ṣí i, kí ni wọ́n ń ṣe fún ẹni tó bá da ẹran wọ ibẹ̀ kọ́jọ́ tó pé? Lórí òkè Oukaïmeden ní Mòrókò, àwọn Amazigh máa ń ti pápá wọn láti ọjọ́ 15 oṣù Kẹta di ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ. Agdal ni wọ́n ń pè é. Koríko á ti yọ òdòdó, á ti gbọn èso sílẹ̀ kí ẹran tó wọlé. Èyí tó bá tiwa mu jù ni ngitili àwọn Sukuma ní Shinyanga, Tanzania: tójò bá bẹ̀rẹ̀, wọ́n á ya apá kan sọ́tọ̀, ó di inú ẹ̀ẹ̀rùn kí wọ́n tó ṣí i. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ kí ìjọba wọn tó tún gbé e dìde láti 1986.

Kò dìgbà tẹ́ ẹ bá wọ bàálù. Àwọn gáà tó ti pẹ́ wà lápá Ṣakí. Bàbá kan níbẹ̀ fa ìdí eruwà tí màálù ti jẹ mọ́lẹ̀ tu lójú mi, ó fi èékánná là á. Inú ẹ̀ funfun, ó tutù. Ó ní èyí ṣì wà láàyè. Èyí tó tún fà tu pọ́n, ó gbẹ bí igi ìṣáná. Ó ní ẹran ò ní tẹ apá ibẹ̀ mọ́ títí òjò á fi dé. Ẹ jẹ́ káwọn ọmọ yín fọwọ́ ara wọn ṣe é.

Tẹ́ ẹ bá padà dé, kí wọ́n mú ibi kékeré kan, bí ìlàjì pápá bọ́ọ̀lù. Kí wọ́n hú ewé Akíntọ́lá tigbòǹgbò-tigbòǹgbò kó tó yọ òdòdó lápá ìparí ọdún. Tẹ́ ẹ bá kàn sun ún, á tún rú. Kí ẹran wọlé tí koríko bá kan orúnkún, kó jáde kó tó rẹlẹ̀ ju ìbú ọwọ́ méjì lọ, torí ewé tó bá kù ló máa bọ́ gbòǹgbò.

Ilẹ̀ onílẹ̀ ni o. Kí Séríkí àti baálẹ̀ jókòó kẹ́ ẹ tó ri òpó kan mọ́lẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á ní ẹ ti ń gbalẹ̀.

Ẹ mú ọmọbìnrin méjì mẹ́ta mọ́ àwọn tó ń lọ. Àwọn obìnrin ló ń fún wàrà. Igbá wọn ló máa ń kọ́kọ́ sọ pé koríko ti ń tán.