Kí ni ìtumọ̀ Presbyterian, kí ló dé tí orúkọ alàgbà fi kún inú ìtàn ìjọ wọn?

Ẹnì kan béèrè pé òun ń ka ìtàn ìjọ Presbyterian kékeré kan tó wà ládùúgbò, orúkọ àwọn alàgbà ló kún ibẹ̀ fọ́fọ́, àwọn pásítọ̀ kàn ń dé, wọ́n ń lọ ni, ṣé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn? Bẹ́ẹ̀ ni o, inú orúkọ yẹn gan-an ni ìdáhùn wà.

Presbyteros, èdè Gíríìkì ni, àgbà ló túmọ̀ sí. Òun náà ni Bíbélì Yorùbá pè ní alàgbà nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 14:23, níbi tí Pọ́ọ̀lù àti Bánábà ti yan alàgbà fún ìjọ kọ̀ọ̀kan. Torí náà Presbyterian ni ìjọ tó jẹ́ pé alàgbà ló ń darí ẹ̀, kò sí bíṣọ́ọ̀bù lórí wọn, pásítọ̀ nìkan ò sì lè dá a ṣe. Kì í ṣe ọjọ́ orí ni wọ́n ń wò o, ìjọ ló ń dìbò yàn wọ́n.

Ní Geneva, ìlú tó wà ní Switzerland lónìí, ni John Calvin, ọ̀kan lára àwọn aṣáájú Pùròtẹ́sítáǹtì, ti fi alàgbà sínú ìlànà ìjọ ní 1541, John Knox, oníwàásù ọmọ Scotland, àtàwọn èèyàn ẹ̀ sì mú un wọ Scotland ní 1560. Ọdọọdún ni wọ́n kọ́kọ́ ń yàn wọ́n níbẹ̀, àfìgbà tí ìwé ìlànà ti 1578 sọ ọ́ di iṣẹ́ ìgbésí ayé ẹni.

Àwọn alàgbà àti pásítọ̀ tó bá jókòó pọ̀ ni wọ́n ń pè ní Session. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé orúkọ pásítọ̀ kì í sábà sí nínú ìwé ìjọ tó ń ṣọ́, ọ̀dọ̀ Presbytery ló wà, ìyẹn ìgbìmọ̀ tó kó àwọn ìjọ agbègbè kan pọ̀, ẹ wá rí i pé àlejò ni pásítọ̀ lọ́nà kan, alàgbà ni onílé, òun ló ń rántí ẹni tó fún ìjọ nílẹ̀ àti ọdún tí òrùlé jò. Session náà ló ń kọ mínítì, ìyẹn àkọsílẹ̀ ìpàdé wọn, ẹni tí wọ́n sàmì fún, ẹni tó kó wá láti ìjọ míì, tọkọtaya tó jà, gbogbo ẹ̀ wà ńbẹ̀. Ní Scotland láyé ọjọ́un, àwọn náà ló ń pín owó fáwọn aláìní, títí òfin 1845 fi gbé iṣẹ́ yẹn fún àwọn míì.

Àṣà tó wù mí jù nínú gbogbo ẹ̀ ni ti tókìnì. Kó tó di ọjọ́ oúnjẹ alẹ́ Olúwa, àwọn alàgbà á yẹ ìgbé ayé ọmọ ìjọ wò, ẹni tó bá yege á gba irin pẹlẹbẹ kékeré kan, òjé ni wọ́n sábà fi ń rọ ọ́, wọ́n á tẹ lẹ́tà orúkọ ìjọ àti ọdún sí i lára, tó bá dé ìdí tábìlì á dá a padà kó tó jẹun. Nígbà tó yá, káàdì ló rọ́pò ẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ ìtàn ìjọ yẹn dáadáa, ẹ béèrè mínítì Session. Tó bá jẹ́ Amẹ́ríkà ni, ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀ wà ní Presbyterian Historical Society ní Philadelphia. Ẹ wá wo ọdún tí orúkọ obìnrin kọ́kọ́ jáde láàárín àwọn alàgbà. Ní Amẹ́ríkà, ìjọ Presbyterian ńlá ti ìhà àríwá gbà á láyè ní 1930, ti gúúsù dúró di 1964, tí ìjọ náà bá wà lábẹ́ ọ̀kan nínú méjèèjì, tó wá pẹ́ gan-an lẹ́yìn ọdún yẹn kẹ́ ẹ tó rí ẹyọ kan, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àwọn ará ibẹ̀ fúnra wọn ló fà sẹ́yìn.